"MÁA RỌRA LÒ Ó BẸ́Ẹ̀ NÁ": A KỌ̀!

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn máníjà láti ìgbà pípẹ́, ó sì ti tó àkókò kí a dá a lóhùn ní gbangba. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn rárá: "Dírẹ́bà, máa rọra lò ó bẹ́ẹ̀ ná."

Awakọ̀ á ti ìrìn àjò dé, á ní sítíárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ òun bí ọkọ̀ bá ti ń sáré. Wọn á ní kí ó máa rọra lò ó bẹ́ẹ̀ ná. Ní ọ̀sẹ̀ kejì á tún padà wá, á ní gbígbọ̀n náà ti le sí i. Wọn á ní kí ó má sáré mọ́. Lọ́jọ́ tí taya bá wá bẹ́, tí ọkọ̀ sì já wọ igbó, ọ̀rọ̀ á yí padà: wọn á ní eré àsápajúdé ni ó fà á. Àwa ń béèrè: ẹni tí ó ní "máa rọra lò ó" ńkọ́? Kí ló dé tí a kì í gbọ́ orúkọ tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ka ẹ̀sùn?

Ohun tí a ní í sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Sítíárìn tí ó ń gbọ̀n, ọkọ̀ ni ó ń fẹjọ́ sùn. Ẹjọ́ náà ní orúkọ, ó sì ní ibi tí ó ti ń wá. Bí a bá tò ó lẹ́sẹẹsẹ, lọ́pọ̀ ìgbà a lè mọ ibẹ̀ láàárín wákàtí kan, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Nítorí náà, ọ̀gá tí ó bá ní kí awakọ̀ máa lò ó bẹ́ẹ̀, kò lè sọ pé òun kò rí ọ̀nà. Ó yàn láti má wò ó ni. Ó fi ẹ̀mí ènìyàn sí apá kan ìwọ̀n, ó fi owó ọjọ́ kan sí apá kejì, owó ni ó sì mú.

Ọ̀PỌ̀LỌ́ KÌ Í SÁRÉ Ọ̀SÁN LÁSÁN

Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí kò bá lé nǹkan, á jẹ́ pé nǹkan ń lé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni sítíárìn, kì í déédéé gbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ilé iṣẹ́ mọ èyí dáadáa. Bí ẹ̀rọ tí ẹ dúró tì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí ìdúró, ẹ ó pa á, ẹ ó sì pe ẹni tí ń tún un ṣe, nítorí ẹ mọ̀ pé bíárìn kan ti ń lọ tàbí pé bóòtù kan ti tú. Máníjà gan-an á sáré wá, nítorí kò fẹ́ kí ẹ̀rọ olówó ńlá fọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Kí ló wá dé tí a ó fi dá irin dúró nítorí owó tí a fi rà á, tí a ó sì ní kí bọ́ọ̀sì tí ó kó ènìyàn 14 máa lọ?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ ṣe é. Taya bọ́ọ̀sì kékeré tí ó ń sáré 100 kílómítà láàárín wákàtí kan ń yí tó ìgbà 13 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí òjé kékeré tí wọ́n fi ń ṣe bàláǹsì bá já kúrò létí rímù, tí kò sì ju 30 gíráàmù lọ, ẹ̀gbẹ́ kan taya náà á wúwo ju ìkejì lọ, á sì máa fà á bí ẹni gbé ẹrù tí ó tó kílò 4 kọ́ ọ, ní ìgbà 13 nínú ìṣẹ́jú-àáyá. Ní 50 kílómítà, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára yìí ni ó kù, kò ju kílò 1 lọ, ọwọ́ sì lè má mọ̀ ọ́n rárá. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, fífà náà á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ìdí nìyí tí ọ̀gá fi ń wa ọkọ̀ yí ọgbà ilé iṣẹ́ ká lẹ́ẹ̀kan, tí á sọ̀kalẹ̀, tí á ní òun kò rí nǹkan kan, pé dírẹ́bà kò kàn fẹ́ ṣiṣẹ́ ni. Sítíárìn náà kò gbọ̀n nínú ọgbà nítorí kò sí eré nínú ọgbà. Ojú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni ó ti ń gbọ̀n, ojú ọ̀nà Ṣàgámù sí Òrè ni ó ti ń gbọ̀n. Bí ọ̀gá bá fẹ́ mọ òtítọ́, kí ó wá jókòó ti awakọ̀ títí dé ibẹ̀.

ÌGBÀ WO NI Ó Ń GBỌ̀N?

Ìbéèrè tí ọlọ́kọ̀ kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, "Èló ni wọn yóò gbà?" Kì í ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ìgbà wo ni ó ń gbọ̀n? Awakọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárìn náà ni ó lè dáhùn. Ìdí kan pàtàkì tí ọ̀rọ̀ awakọ̀ fi gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé nìyí, kí wọ́n má fi ọwọ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí eré bá dé nǹkan bí 80 kílómítà, tí ó le sí i ní 90 tàbí 100, tí ó sì rọlẹ̀ bí eré bá ti dínkù, ẹ wo taya àti rímù. Ó lè jẹ́ pé òjé ti já, tàbí pé ẹrẹ̀ ti gan mọ́ inú rímù, tàbí pé kòtò ti tẹ rímù, tàbí pé taya fúnra rẹ̀ kò rí róbótó mọ́. Bí ó bá jẹ́ sítíárìn ni ó ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ìjókòó àti ilẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń gbọ̀n ju sítíárìn lọ, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ni ó ń gbọ̀n, ẹ fi bàláǹsì sílẹ̀ ná. Dísìkì bíréèkì ti nípọn níbì kan ju ibòmíràn lọ, tàbí dírọ́ọ̀mù kò rí róbótó mọ́. Bí ẹsẹ̀ kan bá gbóná ju ìkejì lọ, tí ó ń rùn bí nǹkan tí ń jóná, tí ọkọ̀ sì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan láìjẹ́ pé ẹ tẹ bíréèkì, bíréèkì ẹsẹ̀ náà ni ó há.

Bí ó bá jẹ́ kòtò ni ó ń dá a sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì á máa gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì, tí kò ní dáwọ́ dúró àfi bí eré bá lọ sílẹ̀ pátápátá, nǹkan ti tú láàárín sítíárìn àti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ wo tàírọ́ọ̀dù, ẹ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ẹ wo kíńpínnì lára ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ wo bíárìn, ẹ sì wo bóòtù tí ó de gíàbọ́ọ̀sì sítíárìn mọ́ ara ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí ó ti kú máa ń dá kún un. Bí èyí bá ki yín mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe bá sítíárìn jà, ẹ má sì tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ dì í mú ṣinṣin, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí eré ó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí ó bá ń gbọ̀n kìkì nígbà tí ẹ bá tẹná mọ́ ọn kí ó lè sáré sí i, tí ó sì dákẹ́ bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, lára ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà, ẹ wo ṣáàfù àti jọ́ìntì rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tí sítíárìn ń gbọ̀n, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, síìtì ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ wò tàbí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni èyí tí ó ń gbọ̀n ní eré kékeré, ní 20 sí 40 kílómítà, tí ọkọ̀ ń mì bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Nǹkan méjì ni kí ẹ fura sí: taya tí ó ti ń ya nínú, tí wáyà rẹ̀ ti tú, àti nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ tí ó ti dẹ̀. Kò sí "rọra lò ó" nínú èyí. Ẹ wá ibi tí ó dára, ẹ dúró, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

ÀYẸ̀WÒ TÍ KÒ NÁ KỌ́BỌ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó mú owó jáde, nǹkan wà tí ó yẹ ní ṣíṣe, gbogbo rẹ̀ sì wà ní ìkáwọ́ wa.

Ẹ fi sípánà ẹsẹ̀ gbìyànjú gbogbo nọ́ọ̀tì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ fún lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rin 50 sí 100 kílómítà. Ẹ fi géèjì wo afẹ́fẹ́ taya nígbà tí taya ṣì tutù. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú taya yí ká àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tinú tòde: bí ó bá yọ gẹ̀gẹ̀ níbì kan, tàbí bí ó bá jẹ ní ojú kan tí kò jẹ ní ojú kejì, ẹ ti rí ọ̀daràn. Ẹ bomi fọ inú rímù. Ní àsìkò òjò, ẹrẹ̀ pupa tí ó gan síbẹ̀ wúwo ju òjé tí ó já lọ; omi korobá kan a sì máa wo àìsàn tí ẹlòmíràn ti fi owó ńlá wá oògùn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi òkúta ńlá dí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé iwájú, kí ẹ sì fi ìdúró irin tì í, nítorí ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀lé jáàkì nìkan ń fi ara rẹ̀ tọrọ. Ẹ di taya mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bí ó bá ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹ ní kí ẹnìkan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún mì í. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bíárìn ni. Bí kò bá dáwọ́ dúró, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí kíńpínnì ni. Ẹ wá di taya mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ mì í. Bí ó bá ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ọ̀nà yìí tí kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, tàírọ́ọ̀dù ni kí ẹ wò tàbí gíàbọ́ọ̀sì sítíárìn.

Kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ gbé ọ̀pá kékeré kan dúró sí etí rímù, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí taya. Bí etí rímù bá ń sún mọ́ ọ̀pá tí ó tún ń jìnnà sí i, rímù ti tẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì rújú, ẹ gbé taya iwájú sẹ́yìn, kí ẹ gbé ti ẹ̀yìn síwájú, bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba. Bí gbígbọ̀n náà bá kúrò ní sítíárìn tí ó bọ́ sí ìjókòó, taya tàbí rímù ni, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Ẹ̀yin ará, gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, sípánà, géèjì, jáàkì, omi àti ojú ni. Ilé iṣẹ́ tí ó bá ní kò sí owó fún un, kí ó sọ fún wa iye tí omi korobá kan ń jẹ́.

ORÍ BÍBẸ́ KỌ́ NI OÒGÙN ORÍ FÍFỌ́

Irú ọ̀gá kejì wà. Òun kì í ní kí awakọ̀ máa lò ó bẹ́ẹ̀. Òun á ní kí wọ́n lọ ṣe aláánímẹ́ńtì. Sítíárìn gbọ̀n, aláánímẹ́ńtì. Sítíárìn fà, aláánímẹ́ńtì. Wọn á ṣe é tán, ọkọ̀ á sì tún gbọ̀n, wọn á wá ní dírẹ́bà ni kò mọ ọkọ̀ wà.

Aláánímẹ́ńtì kì í ṣe bàláǹsì. Aláánímẹ́ńtì ń tọ́ ojú tí taya kọ sí: bí kò bá dára, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, taya á sì máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàláǹsì ń mú kí taya wúwo dọ́gba yí ká: bí kò bá dára, sítíárìn á máa gbọ̀n. Owó aláánímẹ́ńtì tí wọ́n san nítorí bàláǹsì, inú omi ni wọ́n jù ú sí. Ẹni tí ó bá sì ṣe aláánímẹ́ńtì fún ọkọ̀ tí tàírọ́ọ̀dù rẹ̀ ti tú, ńṣe ni ó ń to ilé sórí iyanrìn. Kòtò àkọ́kọ́ ni yóò tú u.

Mẹ́káníìkì tí ó bá ń fi àbá ṣiṣẹ́, tí ó ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì lónìí, tí ó ń pààrọ̀ bíárìn lọ́la, tí ó sì ń pààrọ̀ ráàkì lọ́túnla láì kọ́kọ́ béèrè pé ìgbà wo ni ó ń gbọ̀n, kò tún ọkọ̀ ṣe. Ọlọ́kọ̀ á náwó títí á fi sú u, ìgbà náà ni yóò sì padà sí "máa rọra lò ó." Ọ̀gá tí ó sì lé awakọ̀ dànù nítorí pé ó ń ráhùn jù, orí ni ó bẹ́ nítorí orí fífọ́. Ẹlòmíràn yóò gun ọkọ̀ náà lọ́la, sítíárìn náà yóò sì gbọ̀n mọ́ òun náà lọ́wọ́.

TA NI Ó Ń JÈRÈ?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ojú abẹ níkòó. Kí ló dé tí awakọ̀ tí ó mọ̀ pé ọkọ̀ òun kò dára fi tún ń gbé e jáde? Kì í ṣe òmùgọ̀, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì sú u. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì tí ó ń san dẹlífà ojoojúmọ́ ni, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì, ẹlẹ́dàá rẹ̀ nìkan ni ó mọ ibi tí owó oúnjẹ yóò ti wá, ọlọ́kọ̀ míràn á sì tún ka dẹlífà ọjọ́ náà sí i lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ni, ìrìn àjò ni àjẹmọ́nú wà fún. Ẹni tí kò bá rìn, kò gbà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń san owó fún wa ni ó di ẹnu wa. Wọ́n ṣètò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá sọ òótọ́ ni ebi yóò pa.

Àwọn ọlọ́kọ̀ á ní sípíà pàtì ti wọ́n. Òótọ́ ni, a kò jiyàn, àwa náà ń lọ sí ọjà kan náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣírò rẹ̀ pé. Owó bàláǹsì taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tó owó taya tuntun kan. Taya tí ó ń gbọ̀n ń jẹ ara rẹ̀, ó ń lu bíárìn, ó ń lu bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ó ń pa ṣọ́ọ̀kì. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹni tí ó kọ̀ láti san owó kékeré lónìí yóò san ńlá lọ́la, àfi bí ó bá ti pinnu pé ẹlòmíràn ni yóò bá òun san án. Ẹlòmíràn ọ̀hún sì ni àwa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tí ń gbé yín lọ ilé ní òru lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, ṣé ẹ mọ ipò tí taya rẹ̀ wà? Ẹ tún rántí pé ìgbà kan wà tí òṣìṣẹ́ bíi tiwa ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe taya ní ilẹ̀ yìí. Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt, Dunlop ń ṣe é ní Ìkẹjà. Michelin ti ilé iṣẹ́ tirẹ̀ pa ní 2007, Dunlop sì dá taya ṣíṣe dúró ní 2008. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa, taya tí òkè òkun ti lò gbó sì ń bẹ lẹ́bàá títì fún títà. Bẹ́ẹ̀ taya àlòkù wà nínú ìwé ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀ láti kó wọ̀lú, àfi taya ńlá ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fẹ́ tún rọ. Ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ taya kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nọ́mbà mẹ́rin ni ó kẹ́yìn àkọsílẹ̀ DOT. Bí ó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Kì í ṣe ọjọ́ tí ọ̀gá rà á ni ọjọ́ orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Àwọn kan nínú yín ń rò pé ojú rere ni a ń tọrọ. Rárá o. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní 1974, tí ó wà nínú àkójọ òfin 2004, sọ ọ́ ní abala karùn-ún pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtánràn nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ yọ owó nítorí ohun tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ bàjẹ́ tàbí tí ó fi àìbìkítà bàjẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba, kí àṣẹ náà sì wà nínú ìwé. Nítorí náà, máníjà tí ó yọ owó taya tí ó bẹ́ nínú owó oṣù awakọ̀, ẹ bi í pé: ìwé àṣẹ dà?

Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, tí wọ́n ṣe ní 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó, ní kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà 1 nínú 100 gbogbo owó iṣẹ́ tí ó ń san lóṣooṣù. Òun ni kí ó san án, kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára òṣìṣẹ́. Inú àpò yìí ni a ti ń gba owó ìtọ́jú bí òṣìṣẹ́ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti san tiyín, kí ọjọ́ burúkú tó dé.

Èyí tí ó ga jù nìyí: Àdéhùn 155 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, tí wọ́n ṣe ní 1981, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní 1994, ní òṣìṣẹ́ tí ó bá ní ìdí pàtàkì láti gbàgbọ́ pé ewu ńlá wà lójú ẹsẹ̀ fún ẹ̀mí òun, tí ó sì yẹra fún iṣẹ́ náà, kò yẹ kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Ẹ kà á fún ọ̀gá bí ó bá ní ìwọ̀sí ni.

ÀWA NÁÀ Ń KỌ́?

Àrùn yìí kì í ṣe ti ọ̀gá nìkan, ó yẹ kí a wí èyí náà. Awakọ̀ kan wà tí á gbé ọkọ̀ tí ó ń gbọ̀n lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìpààrọ̀ iṣẹ́, tí kò ní sọ nǹkan kan. Fọkanáísà kan wà tí á yọ òjé kúrò létí rímù kí ó lè rí ibi tú taya, tí kò ní dá a padà. Ẹlòmíràn á sì máa fi gbígbọ̀n ọkọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín gáréèjì, á ní ọwọ́ òun ti mọ́ ọn lára. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ewu kì í di ìbùkún nítorí pé ó ti mọ́ni lára. A tún mọ àwọn tí yóò ní Ọlọ́run ni ó ń ṣọ́ni. Àdúrà dára, àwa náà ń gbà á ní gbogbo òwúrọ̀ kí a tó jáde. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tí ó dẹ̀, sípánà ni ó ń fún un.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Ẹ̀ka wa ń béèrè nǹkan márùn-ún, a ó sì gbé e wá síwájú àwọn ọ̀gá.

Ekíní, kí ìwé àbùkù wà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí awakọ̀ kọ ohun tí ó rí àti ìgbà tí ó ń ṣẹlẹ̀: lórí eré ni, lórí bíréèkì ni, tàbí nínú kòtò. Kí ẹni tí ó gbà á fọwọ́ sí i, kí ó kọ ọjọ́ sí i. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di ti àgọ́ ọlọ́pàá, ìwé ni yóò sọ ẹni tí ó ní "máa rọra lò ó."

Èkejì, kí ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ ń gbọ̀n má ṣe jáde títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti tò ó sílẹ̀ lókè yìí.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe ka dẹlífà tàbí àjẹmọ́nú ọjọ́ àtúnṣe sí awakọ̀ lọ́rùn.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe lé ẹnikẹ́ni, kí a má sì yọ owó ẹnikẹ́ni, nítorí pé ó kọ̀ láti gbé ọkọ̀ eléwu jáde.

Ẹ̀karùn-ún, kí a máa ṣe bàláǹsì nígbàkígbà tí a bá tú taya tí a tún un dì, kí taya àlòkù sì dópin nínú ọkọ̀ tí ń gbé òṣìṣẹ́.

Kò sí èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo tí ó bá dá sọ ọ́, wọn á ní ọ̀lẹ ni. Bí gbogbo awakọ̀ ọgbà kan bá kọ ọ́ sínú ìwé ní ọjọ́ kan náà, tí àwọn mẹ́káníìkì dúró tì wọ́n, tí àwọn tí bọ́ọ̀sì ń gbé náà sì ní àwọn kò ní wọ ọkọ̀ tí ó ń jó bí ẹlẹ́gùn, ọ̀gá yóò rí owó òjé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Láti òní lọ, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ máa rọra lò ó bẹ́ẹ̀ ná, ẹ na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ ní, "Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fọwọ́ sí i." Kí ẹ wá wò ó bóyá yóò kọ ọ́.